Ìyẹ̀fun Ìtànná Igi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbé: Bí Ó Ti Rí Nínú Awò, àti Ìdí Tí Kòkó Kò Fi Lè Gbẹ́kẹ̀ Lé Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó,

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo wà ní oko bàbá kan tí wọ́n ti ń ṣe kòkó láti ìgbà èwe wọn. Ìrókò ńlá kan dúró ní àárín oko náà. Ní abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kún fún àwọn ohun kan bí ìrù eku, tí ó gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bàbá náà ṣa ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n sì fi í hàn mí.

Wọ́n ní, “Olùkọ́, láti ọdún tí mo ti wà nínú oko yìí ni ìrókò yìí ti ń tanná, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ó so rí. Ìrókò ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní òdìkejì odò ń so, àdán sì ń jẹ èso rẹ̀ lóru. Èyí tèmi yàgàn. Mo fẹ́ gé e lulẹ̀.”

Wọ́n tún sọ ohun kejì. Wọ́n ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ni ń mú kí igi so. Nítorí náà wọ́n pinnu láti la oko náà gbàgà: wọn yóò gé àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn yóò gbá gbogbo ewé tí ó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ kòkó, wọn yóò sì sun ún, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi wọlé kí kòkó lè so dáradára.

Mo dáhùn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀. Ìrókò yín kò yàgàn. Bàbá ọmọ ni. Ní ti kòkó yín, afẹ́fẹ́ kọ́ ni ọkọ rẹ̀.” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó lórí ìtì igi kan láti gbọ́ àlàyé. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe fún gbogbo yín nínú ìwé yìí, nítorí mo ti rí i pé kì í ṣe bàbá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

1. IGI PẸ̀LÚ NÍ AKỌ ÀTI ABO

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ní akọ àti abo. Akọ ìbẹ́pẹ a máa tanná púpọ̀, ìtànná rẹ̀ a sì máa rọ̀ dòò, ṣùgbọ́n kì í so bí abo ti í so. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrókò rí. Igi kan jẹ́ akọ, igi mìíràn jẹ́ abo. Ohun gígùn bí ìrù eku tí bàbá náà ṣa nílẹ̀ ni ìtànná akọ. Ìtànná abo kúrú jù ú lọ, ó sì nípọn jù ú. Òun ni í di èso.

Àwọn ènìyàn kò tètè mọ̀ pé akọ àti abo wà lára igi lọ́nà yìí. Ní ọdún 1694, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Tübingen ní Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rudolf Camerarius, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti kíyèsí igi mulberry kan, ẹ̀yà igi tí ó bá ìrókò tan, tí ó jẹ́ abo tí kò sì sí akọ ní tòsí rẹ̀. Igi náà so èso, ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ ṣófo. Kò lè hù. Ó tún gé irun orí ọmọ àgbàdo kúrò kí ó tó gbó, ọmọ àgbàdo náà kò sì ní hóró kankan. Láti inú nǹkan wọ̀nyí ni ó ti fi hàn pé ohun kan ń ti ara ìtànná akọ wá sí ara ìtànná abo, àti pé bí ohun náà kò bá dé, kò sí irúgbìn.

Ohun náà ni lẹ́búlẹ́bú tí ń bọ́ lára ìtànná akọ. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní ìyẹ̀fun ìtànná.

2. BÍ ÌYẸ̀FUN NÁÀ TI KÉRÉ TÓ

Bí ẹ bá gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ orí àgbàdo sórí aṣọ dúdú, ẹ ó rí ìyẹ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀. Lójú wa, ó dàbí èlùbọ́ tí a kù. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ kò ní ìrísí kan pàtó. Ìyẹ̀fun ìtànná ní. Hóró kọ̀ọ̀kan ni a dá pẹ̀lú ètò, hóró ti igi kan kò sì jọ ti igi mìíràn. Láti rí èyí, a ní láti lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí a ń pè ní màíkírósíkóòpù. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Nehemiah Grew, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi irú awò bẹ́ẹ̀ wo ìyẹ̀fun ìtànná. Ó ya àwòrán wọn sínú ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1682.

Ẹ jẹ́ kí a wọn ìyẹ̀fun náà. Ẹ wo mìlímítà kan, èyíinì ni àlàfo kékeré tí ó wà láàrin ìlà méjì lórí rúlà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá pín àlàfo náà sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan nínú rẹ̀ ni a ń pè ní màíkírọ́nù. Irun orí ènìyàn kan fẹ̀ tó bíi màíkírọ́nù 70. Púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun àwọn igi tí afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ wà láàrin màíkírọ́nù 20 sí 40. Bí a bá to hóró 50 nínú àwọn tí ó jẹ́ 20 sí ìlà kan, wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Ti àgbàdo tóbi púpọ̀ jù wọ́n. Ó tó bíi 90 tàbí 100, ìdí nìyí tí ojú wa fi lè rí i.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ohun tí ó kéré tó báyìí ni ó ń pinnu bóyá oko yóò so tàbí kò ní so.

3. ILÉ TÍ Ó WÀ NÍNÚ HÓRÓ KAN

Nígbà tí a bá wo hóró kan nínú awò alágbára, a ó rí i pé ó dàbí ilé tí a mọ ògiri méjì yí ká.

Ògiri òde ni ó le jù. Ohun tí a fi mọ ọ́n ni àwọn amòye ń pè ní sporopollenin. Ó wà lára àwọn ohun tí ó le jù lọ tí ohun ọ̀gbìn ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ásíìdì kò lè jẹ ẹ́; bí a bá sì rì í mọ́ ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, kì í jẹrà.

Ògiri inú rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Irú ohun tí òwú fi ń jẹ́ òwú wà lára ohun tí a fi ṣe é.

Lára ògiri òde ni àwọn ẹnu-ọ̀nà wà, níbi tí ògiri náà ti fẹ́lẹ́ tàbí tí ó ti lu. Igi kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ àti irú tirẹ̀. Ti àgbàdo àti gbogbo ẹbí koríko jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó rí róbótó, pẹ̀lú ìdérí kékeré lórí rẹ̀. Ìyẹ̀fun ẹbí ìrókò sábà máa ń ní méjì. Igi kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí a ń pè ní birch; tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta.

Àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ẹ̀yà ara wíwà láàyè tí ó ní iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ni yóò la ọ̀nà. Èkejì ni yóò di irú-ọmọ akọ méjì. Nígbà tí hóró náà bá bọ́ sórí ìtànná abo tí ó bá a mu, yóò mu omi níbẹ̀, yóò sì wú. Nígbà náà ni ògiri inú yóò yọ jáde láti ẹnu-ọ̀nà bí ọ̀pá kékeré tí ó ní ihò nínú. Ọ̀pá náà yóò máa gùn, yóò sì wọ inú ọrùn ìtànná abo lọ títí yóò fi dé ibi tí ẹyin irúgbìn wà. Láti inú rẹ̀ ni irú-ọmọ akọ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹyin náà. Láti ìgbà náà ni irúgbìn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyèsí i dáradára: hóró ìyẹ̀fun kan, irúgbìn kan. Bí ẹ bá la èso kòkó kan tí ẹ bá hóró 35 nínú rẹ̀, kò dín ní hóró ìyẹ̀fun 35 tí ó dé orí ìtànná kékeré náà ní ọjọ́ tí ó là. Bí ẹyọ díẹ̀ bá dé, ìtànná náà lè rẹ̀ dànù, tàbí kí èso náà ní hóró díẹ̀.

4. BÍ A TI PÈSÈ ÌYẸ̀FUN FÚN ÌRÌN-ÀJÒ INÚ AFẸ́FẸ́

Afẹ́fẹ́ kò mọ ilé ẹnìkan. Ohun tí a bá rán an, ibikíbi ni ó lè jù ú sí. Nítorí náà, igi tí ń rán afẹ́fẹ́ níṣẹ́ ní láti pèsè ìyẹ̀fun tirẹ̀ lọ́nà mẹ́rin.

Ìkíní, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí hóró kan bá bọ́ láti orí igi tí ó ga ní mítà 30, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò lo 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó kan ilẹ̀. Èyí lé ní ìṣẹ́jú 16. Bí afẹ́fẹ́ tí kò yára ju ẹni tí ń rìn pẹ̀lẹ́ lọ bá ń gbé e ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò ti rin kìlómítà kan. Ìdí nìyí tí ìrókò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ odò yìí fi lè jẹ́ bàbá fún èso ìrókò tí ó wà ní òdìkejì odò.

Ìkejì, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó sì jọ̀lọ̀. Ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń gbé ní òróró lára, tí ń mú kí hóró kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Ti afẹ́fẹ́ kò ní i, tàbí kí ó ní díẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, wọn yóò wúwo, wọn yóò sì bọ́ sí ìdí igi tí wọ́n ti wá. Nínú awò, ara wọn sábà máa ń dán. Bí ìṣù kékeré bá wà lára rẹ̀, kì í yọ síta bí ẹ̀gún.

Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ lè pa ara rẹ̀ dé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi ara ohun gbogbo. Nígbà tí omi inú hóró náà bá ń dínkù, ògiri rẹ̀ a ká wọlé, ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ a sì pa dé, bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn nítorí ọyẹ́. Nígbà tí ó bá dé ibi tútù, a tún ṣí.

Ìkẹrin, ó gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìtànná akọ kan ṣoṣo lára igi birch a máa tú mílíọ̀nù hóró mélòó kan sílẹ̀. Nínú gbogbo wọn, díẹ̀ kíún ni yóò bá abo pàdé. Ìyókù a di ìdọ̀tí lórí ewé, lórí odò, àti nínú imú ènìyàn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹ̀fun birch yìí a máa mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sín, kí ojú wọn sì máa yún wọn nígbà ìrúwé.

Igi ahóyaya kan wà tí a ń pè ní pine, tí a ti gbìn sí àwọn ibì kan ní Nàìjíríà fún pákó àti ìwé. Ìyẹ̀fun rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ní àpò afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹni tí ó so akèrègbè méjì mọ́ra láti fi la odò kọjá. Àfiwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn àpò náà ń mú kí ó fúyẹ́ lójú ọ̀run. Nígbà tí ó bá sì dé ara ìtànná abo, níbi tí omi kínkín kan ti ń dúró dè é, àwọn àpò náà ni ń mú un léfòó gba inú omi náà dé ẹnu ibi tí ẹyin wà.

Igi fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ìtànná akọ ìrókò rọ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa mì í. Kò ní àwọ̀ dídára, kò sì ní oyin, nítorí kò sí ẹni tí ó ń pè wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná, nígbà tí ewé tí ó lè dínà kò pọ̀ lórí rẹ̀.

5. ẸRẸ̀ TÍ Ń PA ÌTÀN MỌ́

Mo ti wí pé ògiri òde kì í jẹrà nínú ẹrẹ̀. Ìyẹ̀fun tí ó bọ́ sínú adágún omi a máa rì sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ a sì bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 1916, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Lennart von Post, fi han àwọn amòye bí a ti lè wa irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ìpele-ìpele, kí a ka hóró ìyẹ̀fun inú rẹ̀, kí a sì mọ irú igi tí ó wà ní agbègbè náà láyé àtijọ́.

A ti ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí wa. Ní adágún Sélé, ní gúúsù ilẹ̀ Benin, ìyẹ̀fun inú ẹrẹ̀ fi hàn pé igbó ńlá wà níbẹ̀ rí, níbi tí ó jẹ́ ọ̀dàn lónìí, àti pé nǹkan bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn ni òjò dínkù tí igbó náà sì fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Hóró ìyẹ̀fun ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí.

6. KÒKÓ KÌ Í ṢE IGI AFẸ́FẸ́

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi kòkó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn igi wọ̀nyí kí a sì wò ó.

Ìyẹ̀fun kòkó kéré, ó tó bíi màíkírọ́nù 20. Ẹni tí kò wò jìnnà yóò wí pé, “Ó kéré tó ti igi afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ lè gbé e.” Ṣùgbọ́n nínú awò, ara rẹ̀ kò dán, ó rí bí àwọ̀n ìpẹja. Òróró wà lára rẹ̀, hóró kan a sì lẹ̀ mọ́ èkejì. Ilá jẹ́ ìbátan kòkó. Ìyẹ̀fun tirẹ̀ tóbi, ó sì ní ẹ̀gún yí ká bí òòrẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka kan ìtànná ilá ní òwúrọ̀, ẹ ó rí hóró rẹ̀ bí ó ti lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì, alẹ́gùn-ún àti aláwọ̀n, ni a ṣe fún ara kòkòrò, kì í ṣe fún afẹ́fẹ́.

Ẹ tún wo ìtànná kòkó. Kì í rọ̀ lókè níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ara igi àti ẹ̀ka ni ó ń yọ sí, nínú ìbòòji. Ibi tí ìyẹ̀fun rẹ̀ wà ni a fi pamọ́ sínú àpò kékeré tí ó wà lára ìtànná náà. Ní àárín, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún dúró yí ọrùn abo ká bí ọgbà. Ẹ gbọn ìtànná kòkó sórí aṣọ dúdú bí ẹ ti gbọn ti àgbàdo. Ẹ kò ní rí ohun kan tí yóò bọ́.

Ta ni ń wọ inú àpò náà nígbà náà? Kòkòrò kékeré kan ni, ẹ̀yà kantíkantí, tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ. Orúkọ tí àwọn amòye fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Forcipomyia. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí kòkó yìí kì í jẹ ènìyàn. Bí ó ti ń rìn kiri nínú ìtànná, ìyẹ̀fun a lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀yìn rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ìtànná mìíràn.

Ìtànná kòkó kì í dúró pẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ti là tán. Bí ìyẹ̀fun kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láìpẹ́ yóò rẹ̀ dànù. Nínú ìtànná 100, àwọn tí ń di èso kì í sábà tó 5. Kì í ṣe àìsí kòkòrò nìkan ni ó fa èyí, nítorí igi kò lè bọ́ ju iye ọmọ tí agbára rẹ̀ ká lọ, òun fúnra rẹ̀ a sì máa jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré kan gbẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí kòkòrò náà bá ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ìtànná ni kò tilẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i fún ẹni tí ó gbin kòkó Amazon. Kòkó àtijọ́ tí a ń pè ní Amelonado lè gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú kòkó Amazon kì í gbà á; ìyẹ̀fun náà gbọ́dọ̀ ti ara igi mìíràn tí kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú rẹ̀ wá. Kòkòrò náà ni yóò rin ìrìn náà.

7. Ẹ̀KỌ́ TÍ Ọ̀PẸ KỌ́ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn àgbẹ̀ nìkan ni ó ṣì í. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn amòye pàápàá gbà pé afẹ́fẹ́ ni ń gbé ìyẹ̀fun ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Màléṣíà, tí wọ́n ti ń gbìn fún òwò níbẹ̀ láti 1917, kì í so tó bí ó ti yẹ, àwọn olóko sì ń san owó fún òṣìṣẹ́ láti máa fi ọwọ́ bu ìyẹ̀fun sí ìtànná abo lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a wo ọ̀pẹ dáradára ní Kamẹrúùnù tí í ṣe ilé rẹ̀, a rí i pé kòkòrò kékeré dúdú kan, Elaeidobius kamerunicus, ni ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní 1981 a kó kòkòrò náà lọ sí Màléṣíà. Ìdí ẹyìn kún sí i, iṣẹ́ fífi ọwọ́ bu ìyẹ̀fun sì dópin.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ ẹni tí ń bá a ṣiṣẹ́ lè lé e lọ láìmọ̀, kí ó sì máa san owó fún iṣẹ́ tí a ti ń ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

8. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kantíkantí kòkó kì í bímọ sínú afẹ́fẹ́. Inú ohun tútù tí ń jẹrà ni ó ń yé ẹyin sí: abẹ́ ewé kòkó tí ó rẹ̀ sílẹ̀, àti inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé. Nítorí náà:

(a) Ẹ má ṣe gbá gbogbo ewé abẹ́ kòkó, ẹ má sì ṣe sun ún. Ẹ jẹ́ kí ó bo ilẹ̀. Ó ń pa omi mọ́ fún gbòǹgbò, ó sì jẹ́ ilé fún kòkòrò náà.

(b) Nígbà tí ẹ bá kórè ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé ìtì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ láàrin àwọn igi kòkó kí ó jẹrà níbẹ̀.

(d) Ẹ má ṣe gé gbogbo igi ìbòòji. Oòrùn tí ó bá wọlé yóò gbẹ ewé ilẹ̀, kòkòrò yóò sì kú. Ṣùgbọ́n kí ìbòòji má ṣe pọ̀ jù. Oko tí ó ṣókùnkùn tí ó sì ń rin gbingbin ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́ràn.

(e) Ewé gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èso tí àrùn mú. Èso tí ó ti dúdú, ẹ ká a kúrò lórí igi, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú oko. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní orúkọ pé ẹ ń tọ́jú kòkòrò.

(ẹ) Oògùn tí a fi ń pa kòkòrò búburú kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹ má ṣe fín in bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ẹ má sì ṣe fín in ní òwúrọ̀ nígbà tí ìtànná pọ̀ lórí igi.

(f) Ẹni tí ó bá ń gbin kòkó Amazon, kí ó da irú oríṣìíríṣìí pọ̀ nínú oko, kí ó má ṣe gbin ọmọ igi kan ṣoṣo.

Ní ti ìrókò, kí àgbẹ̀ tí ó ní akọ má ṣe kà á sí aláìwúlò. Bí a bá gé gbogbo akọ tí ó wà ní agbègbè kan, àwọn abo yóò dúró bí igi mulberry tí Camerarius rí: wọn lè so, ṣùgbọ́n kóró wọn kò ní hù. Ẹni tí ó bá ń wá irúgbìn ìrókò fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí akọ àti abo wà.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wí pé, “Ó dára. Ìyẹn ni pé ọmọ mi ni ó ń hù ní oko ẹ̀gbọ́n mi.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí wọ́n ti mú ìgbálẹ̀ àti ìṣáná lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìṣáná náà padà sí ilé, kí wọ́n sì mú àdá wá, kí wọ́n lọ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kórè lánàá sí wẹ́wẹ́ sáàárín kòkó.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kí ẹ tó sun ewé oko yín ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹríba ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ wo ìtànná kòkó kan fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ lè rí òṣìṣẹ́ yín tí kò gba owó, bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde.